Ọyẹ́ bo Zuma, àtúnṣe fọ́tò sì sọ ìyá mi di ẹlòmíràn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ayàwòrán Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi wá sí Abuja láti Ọ̀yọ́ kí wọ́n lè bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ ya fọ́tò níwájú àpáta tó wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà, kí àwọn ọ̀rẹ́ àwọn nílé lè rí i. Ní Sátidé tó kọjá mo gbé wọn lọ sí ọ̀nà Kaduna, a dúró lẹ́bàá Madalla. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀. Àpáta Zuma, bó ti ga tó nì, ńṣe ló dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo yà á bẹ́ẹ̀, mo ní tí mo bá délé, kọ̀ǹpútà á bá mi yọ ọyẹ́ náà kúrò.

Mo fa Dehaze, irinṣẹ́ tó ń yọ ọyẹ́ kúrò nínú fọ́tò, dé 85. Àpáta yọ lóòótọ́, àmọ́ ojú ọ̀run di aláwọ̀ aró, ó wá ń ya ní ìpele-ìpele. Ìlà funfun kan yí etí àpáta ká. Ojú ìyá mi dúdú bí èédú. Mo bá gbé fọ́tò náà sínú áàpù kan tó ń mú ara dán lórí fóònù. Ojú wọn tàn, ó dán. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé pélé wọn ti parẹ́. Mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, gbogbo rẹ̀ lọ ráúráú.

Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń padà sílé. JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀, ni mo fi yà á. Láti fi tún fọ́tò ṣe, mo ní GIMP lórí kọ̀ǹpútà, mo ní Snapseed lórí fóònù. Ibo ni mo ti ṣì í?

Lẹ́ńsì Kaduna

Pẹ̀lẹ́ o. Kọ́kọ́ mọ ohun tí Dehaze ń ṣe, ìyókù á yé ọ. Eruku ọyẹ́ yìí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ó sì máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká nínú afẹ́fẹ́. Bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí kámẹ́rà tó ni eruku tó wà láàárín ṣe máa pọ̀ tó. Ìyá rẹ kò lè jìnnà sí ọ ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin márùn-ún lọ. Eruku wo ló wà níbẹ̀? Àpáta ló wà lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tó o wá fa Dehaze lé gbogbo fọ́tò lórí, ẹ̀rọ náà ń wá eruku lójú ẹni tí kò sí eruku lójú rẹ̀. Nígbà tí kò rí eruku, ìmọ́lẹ̀ ojú wọn ló kó lọ.

Yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú GIMP, ṣe ẹ̀dà layer rẹ (fọ́tò kan tó lé òmíràn lórí), fi Curves, irinṣẹ́ ìmọ́lẹ̀, ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà òkè títí àpáta á fi yọ bó o ṣe fẹ́, má wo ìyá rẹ rárá ní àkókò yẹn. Lẹ́yìn náà, fi layer mask dúdú, ìyẹn ìbòjú tó ń bo layer, sí i, gbogbo àtúnṣe náà á pòórá. Mú búrọ́ọ̀ṣì funfun, kó o wá kun àpáta nìkan. Ibi tó o bá kùn ni àtúnṣe á ti hàn. Má fà á débi tí ọyẹ́ á fi tán o. Fọ́tò oṣù Kínní tí kò ní ọyẹ́, ojú ọmọ Abuja á mọ̀ pé irọ́ ni.

Ní ti ojú ọ̀run tó ya ní ìpele-ìpele, JPEG ló fà á. Ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 péré ni JPEG ní fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ní jù bẹ́ẹ̀ lọ: oníbíìtì 12 ní 4,096, oníbíìtì 14 ní 16,384. Ọyẹ́ á ti fún àpáta àti ojú ọ̀run mọ́ ibi tóóró kan, ká ní 40 nínú 256 yẹn. Tó o bá na 40 kó lè gba àyè 200, àlàfo á wà láàárín. Wo histogram rẹ, àwòrán tó ń fi ìpele ìmọ́lẹ̀ hàn, lẹ́yìn àtúnṣe, wàá rí i tó rí bí eyín òòyà. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè dá ohun tí kámẹ́rà kò gbà sílẹ̀ padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ara yín ṣe wàhálà. Láti 2023 ni Generative Fill ti wà nínú Photoshop. Ẹ fi ìlà yí ibi tí àpáta wà ká, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́, ìṣẹ́jú kan kò ní pé tí àpáta tuntun tó mọ́ kedere á fi dé, pẹ̀lú ojú ọ̀run tó dára. Mo ti fi ṣe fọ́tò àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìyá Ìbejì Gwarinpa

Ọmọ mi, àpáta yẹn ni ìyá náà lọ wò. Zuma ní ìlà tí omi òjò ti fà sí i lára láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ibi kan tí àwọn èèyàn máa ń sọ pé ojú èèyàn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ á gbé òkè kan tí kò sí níbì kankan láyé síbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ màmá ní Ọ̀yọ́ á mú ọgọ́rùn-ún náírà jáde láti fi wé e, kò ní bára mu.

Ìwọ Ayàwòrán, ọ̀rọ̀ pélé yẹn ló dùn mí jù. Àtúnṣe ojú ni iṣẹ́ tèmi, ọdún kẹsàn-án rèé, mo sì máa ń rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé fọ́tò òbí wọn wá. Áàpù tó ń mú ara dán kò mọ̀ pé ilà ni. Gbogbo ohun tó bá tín-ín-rín, tó sì ṣókùnkùn ju ara lọ, ìhunjọ ló kà á sí, á fi ìka pa á rẹ́. Pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ẹni tó kọ áàpù náà kò rò pé ẹnì kan wà tí ohun tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ orúkọ ilé rẹ̀.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. GIMP 2.10 ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Wavelet Decompose, abẹ́ Filters, nínú Enhance. Ó máa pín fọ́tò sí layer mélòó kan: àwọn tó tín-ín-rín jù lókè, àwọ̀ àti òjìji ńlá nísàlẹ̀. Awọ ara, irun ojú àti ilà wà nínú àwọn tó tín-ín-rín. Ibi tí awọ ti pọ́n tàbí tó ti ṣú díẹ̀ wà nínú àwọn tó nípọn. Mo máa ń fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀ nìkan. Mo á fi Lasso yí ibi tó ṣú ká, mo á fi Gaussian Blur, tó ń mú nǹkan ṣe bàìbàì, díẹ̀ sí i, àwọ̀ á dọ́gba, pélé á sì wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí irorẹ́ bá wà, mo á fi Heal mú un kúrò, torí irorẹ́ á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilà kì í lọ.

Ẹlẹ́gbẹ́ Lugbe

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ àwọn oníbàárà ló ń béèrè fún un. Mo ya ìgbéyàwó ní Lugbe lóṣù tó kọjá, ìyàwó fúnra rẹ̀ ní kí n mú òun pupa sí i, kí n sì mú ilà bàbá òun kúrò torí àwọn àna. Ṣé kí n sọ pé rárá ni? Owó ilé ni mò ń wá.

Ìyá Ìbejì Gwarinpa

Mi ò bínú sí ọ. Èmi náà máa ń gba owó. Àmọ́ béèrè lọ́wọ́ bàbá kó o tó pa ilà wọn rẹ́. Ní ti pupa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe pupa ni wọ́n ń wá. Ojú wọn ló ṣókùnkùn torí oòrùn ọ̀sán wà lẹ́yìn wọn. Gbé òjìji ojú sókè díẹ̀, má fọwọ́ kan àwọ̀, fi hàn wọ́n ná. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò wọ́pọ̀ kí ẹnì kan tún sọ̀rọ̀ pupa mọ́.

Arìnrìn-àjò Jos

Ẹ jẹ́ kí n sọ ire kan tí ọyẹ́ ń ṣe, torí ẹ̀ ń bú u jù. Mo máa ń fi double exposure dánra wò. Ya ẹnì kan láti ẹ̀gbẹ́, kí ojú ọ̀run ọyẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọ̀run á funfun, ẹni náà á ṣú. Gbé fọ́tò kejì lé e lórí (èmi lo àwọn òkúta Riyom), kó o yan Lighten nínú Snapseed, tàbí Screen nínú GIMP. Funfun kò lè funfun ju bó ti wà lọ, nítorí náà òkúta kò ní hàn lójú ọ̀run. Inú òjìji ẹni náà nìkan ló máa hàn sí. Ní ìgbà òjò, tí ojú ọ̀run bá kún fún ìkùukùu dúdú àti búlúù, mo máa ń jókòó wákàtí mẹ́ta kí n tó gé ẹnì kan jáde. Lóṣù Kínní, ọyẹ́ ti bá mi gé e.

Bàbá Fọ́tò Kánò

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìlá Ọ̀ràngún ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, ọdún 1974 ni mo wọlé ọ̀gá, kí n tó wá dó sí Sabon Gari níbí.

Ohun tí ẹ ń pè ní mask yìí, ọwọ́ wa ni tẹ́lẹ̀. Bí ojú ẹnì kan bá fẹ́ ṣú jù lórí pépà, a ó gé páálí róbótó, a ó so ó mọ́ wáyà tín-ín-rín, a ó máa mì ín lábẹ́ iná kí iná má baà bà á pẹ́. Bí ojú ọ̀run bá fẹ́ funfun jù, a ó fi ọwọ́ bo ìyókù, a ó jẹ́ kí iná gba àárín ọwọ́ wa lọ síbẹ̀. A kì í dá ọwọ́ dúró. Bí o bá dá a dúró, etí rẹ̀ á hàn, ọ̀gá á ya pépà náà, owó pépà á jáde nínú owó oúnjẹ rẹ. Nítorí náà, tí ẹ bá ń kun mask, ẹ jẹ́ kí etí búrọ́ọ̀ṣì yín rọ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nígbà yẹn ni fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti lọ kí àwọn òbí tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á gbé èyí tó kù wá. A ó yà á lẹ́ẹ̀kan, a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo: a ó fi páálí bo ìdajì, a ó tẹ ìdajì kejì, a ó gbé páálí sí òdìkejì, a ó tẹ èyí tó kù. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan, a ó wọ ọmọ náà láṣọ ọkùnrin, a ó yà á, a ó tún wọ̀ ọ́ láṣọ obìnrin, a ó tún yà á. Ìlà tó wà láàárín ni ọgbọ́n wà. Ọ̀gá mi máa ń ta aṣọ kan tí kò ní òdòdó sẹ́yìn, kí ojú má baà rí ibi tí ìdajì ti pàdé ìdajì. Mo ti rí ìyá tó gba irú fọ́tò yẹn lọ́wọ́ mi, tó fi ìka kan ọ̀kan, ó fi kan èkejì, kó tó fi wọ́n sínú ìró.

Lẹ́ńsì Kaduna

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin tó ń lo Photoshop, ẹ wo àmì Dodge, irinṣẹ́ tó ń mú ibì kan mọ́lẹ̀ sí i: páálí róbótó orí wáyà gẹ́lẹ́ ni. Ti Burn, tó ń mú ibì kan ṣú, ọwọ́ tó ká ni. Thomas Knoll, tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ Photoshop ní 1987 pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀, nínú yàrá òkùnkùn bàbá rẹ̀ lábẹ́ ilé ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ fọ́tò. Nígbà tí ẹ̀dà kìíní jáde ní 1990, ìmọ̀ irú tàwọn Bàbá ló wà nínú rẹ̀.

Ayàwòrán Kubwa

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ṣe mask bí Ẹ̀gbọ́n Kaduna ṣe wí, mo ti lo Wavelet, pélé ti padà. Àmọ́ nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀.

Mo ń ka ọ̀rọ̀ Bàbá sókè lálẹ́ àná, ìyá mi ń pọn ọmọ. Kẹ́hìndé ni wọ́n. Táyé wọn lọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi kà á tán, wọ́n tún ní kí n ka ibi tí wọ́n ti ń bo ìdajì pépà. Ni wọ́n bá bi mí pé, "Ṣé o lè fi Táyé sí ti Zuma yìí?"

Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀, omi ti wọ̀ ọ́, ojú Màámi Táyé sì ni omi náà bà. Kí ni kí n ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ lè tún fọ́tò àtijọ́ yẹn ṣe, ó sì lè fi ọjọ́ orí kún ojú wọn, kí wọ́n lè rí bí màmá ṣe rí lónìí. Ẹ á wá gbé Táyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá.

Ìyá Ìbejì Gwarinpa

Má ṣe é. Níbi tí omi bà jẹ́, ẹ̀rọ kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ìyá arúgbó kan tí kò gbé ayé rí ni yóò fi dí i. Èmi bí Ẹ̀jìrẹ́, mo mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nínú òkùnkùn. O rò pé Kẹ́hìndé kò ní mọ̀ pé àjèjì ló dúró tì í?

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria

Mo gbọ́, Mà. Mi ò fi ṣe àrífín o. Àmọ́ èyí tí Bàbá ń ṣe nígbà náà, òun náà kì í ṣe Táyé.

Bàbá Fọ́tò Kánò

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, ó sì yẹ ká dá ọ lóhùn. Gbogbo ẹni tó wo fọ́tò wa ló mọ̀ pé èyí tó kù ló jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, aládùúgbò mọ̀. A kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ara kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde, òun la fi dúró fún ẹni tó lọ, bí a ṣe ń fi ère ìbejì dúró fún un ṣáájú kí kámẹ́rà tó dé. Ayàwòrán, ya ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́ńsì Kaduna

Tó o bá máa lọ, lọ láàárọ̀. Ọyẹ́ á ràn ọ́ lọ́wọ́ níbí: kò sí òjìji líle nílẹ̀, àwọn méjèèjì á bára mu láìsí wàhálà. Tripod, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé, ṣe pàtàkì, má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́ tó o bá ti gbé e kalẹ̀. Yà á ní RAW. Gbé ìmọ́lẹ̀, focus àti white balance (ètò tó ń mú àwọ̀ rí bó ṣe yẹ) sí manual, kó o fọwọ́ ara rẹ yàn wọ́n, torí bí kámẹ́rà bá tún un yàn láàárín ìkíní àti ìkejì, àwọ̀ àpáta á yí. Ya màmá lápá ọ̀tún, ya wọ́n lápá òsì, kó o ya ibẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni pẹ̀lú. Nínú GIMP, kó méjèèjì lé ara wọn, mask kan ṣoṣo ló kù, gba àárín níbi tó jẹ́ ilẹ̀ àti àpáta nìkan.

Bí aṣọ sányán bá wà nílé, kí wọ́n ró o. Ọyẹ́ máa ń mú gbogbo nǹkan pọ́n, ojú á sì gbàgbé bó ṣe yẹ kó rí. Gbogbo wa la mọ àwọ̀ sányán. Tún white balance ṣe títí sányán á fi rí bí sányán, ojú wọn á bá a wá.

Ayàwòrán Kubwa

Mo ti dé o. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la lọ, agogo méje ààbọ̀. Sányán ni wọ́n ró. Nígbà tí mo ya ti àkọ́kọ́ tán, mo ní kí wọ́n bọ́ sápá kejì. Wọ́n dúró, wọ́n tú gèlè, wọ́n wé e lọ́nà mìíràn, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan etí òsì. Wọ́n ní bí Táyé ṣe máa ń wé e nìyẹn. Wọ́n tún na ọwọ́ sí ibi tí kò sí ẹnì kankan, bí ẹni di èjìká ẹlòmíràn mú. Mi ò sọ fún wọn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ yẹn ló gba gbogbo alẹ́ mi. Ìlà mask tí mo rò pé á gba àárín lọ tààrà wá ní láti yí ìka márùn-ún ká lórí èjìká. Mo gbé fọ́tò sí 400%, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ìka kọ̀ọ̀kan, mo wá fi Burn tí mo fà sí 8 péré ṣe òjìji díẹ̀ sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, torí láìsí i, ńṣe ni ọwọ́ ń léfòó lókè aṣọ. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àpáta, mi ò fa nǹkan púpọ̀ lára rẹ̀. Ọyẹ́ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ìlà ara rẹ̀ hàn díẹ̀. Pélé méjìlá ló wà nínú fọ́tò náà, mo kà á.

Fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ irú rẹ̀: íǹṣì 8 lápá kan, 10 lápá kejì ni mo ṣe, ní píksẹ́lì 300 fún íǹṣì kan, ìyẹn píksẹ́lì 2,400 lápá kan, 3,000 lápá kejì. WhatsApp ni mo fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé lákọ̀ọ́kọ́ bíi fọ́tò, ó ti fún un kéré. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ṣú jù, torí òru ni mo ṣe é, iná ojú kọ̀ǹpútà mi sì wà lókè pátápátá. Mo gbé iná ojú rẹ̀ sí ìdajì, mo wo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gbé òjìji sókè, ẹ̀dà kejì dára.

Wọ́n ti mú méjì lọ sí Ọ̀yọ́ láàárọ̀ yìí.

Bàbá Fọ́tò Kánò

O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣìṣe. Èwo lo fi sápá ọ̀tún?

Ayàwòrán Kubwa

Àṣẹ, Bàbá. Mo kọ́kọ́ fi Táyé sápá ọ̀tún, mo ní òun ló kọ́kọ́ wáyé. Ìyá mi ní kí n yí i. Wọ́n ní Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán an níṣẹ́.